Iye Tí A Kò Kọ Sínú Ìwé: Àlékún Ìkọ̀kọ̀ Lórí Ọkọ̀ À-ń-San-Díẹ̀díẹ̀ àti Ojúṣe Ẹni Tó Ń Rà Á

Ní ọjà àdìrẹ Ìtòkú, ẹni tó fẹ́ ra aṣọ kì í béèrè iye tí ìyá tó ń tà á ra aṣọ funfun, tàbí iye tó ná sórí aró àti sórí àwọn tó bá a ṣiṣẹ́. Ohun tó bá ṣẹ́kù lọ́wọ́ ọlọ́jà lẹ́yìn tó bá yọ owó tó fi ṣe é, tirẹ̀ ni, kò sì sí ẹni tó máa pè é ní olè. Ońrajà á dá owó, ọlọ́jà á ní kò gbà, wọn á ná an títí ẹnu wọn á fi kò. Bí kò bá kò, ońrajà á ré kọjá sí ìsọ̀ kejì. Àṣà yìí ti pẹ́ nílẹ̀ Ẹ̀gbá, ó sì dára. Òun gan-an ni àwọn tó ń ta ọkọ̀ à-ń-san-díẹ̀díẹ̀ máa ń fi gbèjà ara wọn bí ẹnikẹ́ni bá ní kí wọ́n sọ iye tí wọ́n gbé lé èlé lórí: ta ló ń sọ èrè rẹ̀ fún ońrajà? Ìbéèrè gidi ni, mo sì fẹ́ dá a lóhùn bó ṣe yẹ. Èrò mi ni pé ojúṣe wà lọ́rùn ẹni tó ń ra ọkọ̀, ó sì wúwo, ṣùgbọ́n ojúṣe yẹn kò lè bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó fi iye tó yẹ kó mọ̀ hàn án. Ẹni tó fi iye pamọ́ kò ní ẹ̀tọ́ láti dá ońrajà lẹ́bi pé kò rí i.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Láti Lafẹ́nwá dé Pansẹ́kẹ́, láti Kútọ̀ dé Ìta-Òṣìn, ọ̀pọ̀ márúwá, ọ̀kadà àti takisí tí à ń wọ̀ ní Abẹ́òkúta ni kì í ṣe ti ẹni tó ń wà á. Olówó kan ló rà á, awakọ̀ ń já owó fún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bí owó bá sì pé iye tí wọ́n jọ fẹnu kò sí, ọkọ̀ di ti awakọ̀. Èyí ni wọ́n ń pè ní háyà-pọ́ọ̀ṣéèsì. Ọ̀nà kejì wà, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ oṣù àti oníṣòwò máa ń bá pàdé: èèyàn á lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta tòkunbọ̀, á rí èyí tó wù ú, owó ọwọ́ rẹ̀ kò ní ká a. Ẹni tó ń ta ọkọ̀ á ní kó fọkàn balẹ̀, òun mọ ilé-iṣẹ́ ayánilówó tó máa san ìyókù. Láti ìgbà náà lọ, iṣẹ́ méjì ni ẹni yìí ń ṣe: ó ń ta ọkọ̀, ó sì ń bá ẹni tó fẹ́ rà á wá owó. Ońrajà mọ̀ pé yóò jèrè lórí ọkọ̀. Ohun tí kì í sábà mọ̀ ni pé ó tún lè jèrè lórí èlé, àti pé bí èlé náà bá ṣe ga tó ni èrè yẹn máa ṣe pọ̀ tó.

Kí á fi ìṣirò kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ọkọ̀ kan ń lọ ní ₦6,000,000 lójú ẹsẹ̀. Ońrajà san ₦2,000,000 sílẹ̀, ó wá ku ₦4,000,000 tí yóò san láàárín oṣù 24. Wọ́n sọ fún un pé èlé jẹ́ 3 nínú 100 lóṣù, ó sì dún bí ohun kékeré létí. Ṣùgbọ́n orí ₦4,000,000 àkọ́kọ́ ni wọ́n ń ka èlé náà sí títí tó fi máa parí, láìka ohun tó ti san sí. ₦120,000 ni èlé oṣooṣù, ₦2,880,000 sì ni gbogbo rẹ̀ fún oṣù 24. Lóṣooṣù, nǹkan bíi ₦286,667 ni yóò máa san, nínú èyí tí ₦166,667 jẹ́ owó tí ó yá gan-an. Nígbà tó bá di oṣù tó kẹ́yìn, ₦166,667 péré ló kù nínú owó tó yá, síbẹ̀ ₦120,000 ni yóò san gẹ́gẹ́ bí èlé lóṣù yẹn. Náírà 72 lórí 100 nìyẹn, lóṣù kan ṣoṣo. Bí a bá ṣe ìṣirò rẹ̀ bó ṣe yẹ, tí a ń ka èlé sórí kìkì owó tó ṣì wà lọ́wọ́ ayáwó, ohun tí wọ́n pè ní 3 sún mọ́ 5 nínú 100 lóṣù. Kò sí ẹni tó pa irọ́ níbẹ̀ o. Gbogbo nọ́ńbà tí wọ́n dá lórúkọ ló jóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tí ońrajà nílò láti fi wé ti ibòmíràn kò sí nínú wọn.

Inú ibi tí ojú kò tó yìí ni àlékún ìkọ̀kọ̀ ń wọlé sí. Nínú àpẹẹrẹ wa, ká ní ayánilówó ti sọ fún oníṣòwò ọkọ̀ pé 2.5 nínú 100 lóṣù ti tó òun. Oníṣòwò kọ 3 sínú ìwé, ó sì pín ìyàtọ̀ pẹ̀lú ayánilówó, tàbí kó gba gbogbo rẹ̀. Ìdajì kan péré ni wọ́n fi lé e. Lórí ₦4,000,000 fún oṣù 24, ìdajì yẹn jẹ́ ₦480,000, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́fà gbogbo èlé tí ońrajà máa san. ₦20,000 ló ń fi kún owó oṣù kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ náà ṣiṣẹ́ yóò rò pé owó ọkọ̀ ló ń san tàbí pé báyìí ni owó yíyá ṣe rí, kò sì ní mọ̀ pé ẹni tó bá òun wá owó náà gan-an ló sọ ọ́ di ọ̀wọ́n.

A lè wá padà sí ìsọ̀ àdìrẹ. Ìyá tó ń ta aṣọ dá iye kan ṣoṣo. Ohun tó fi pamọ́ ni iye tí ó ná, kò fi iye tí ońrajà máa san pamọ́. Ońrajà ní gbogbo ohun tó nílò láti pinnu: ó rí aṣọ, ó gbọ́ iye, ó sì lè lọ gbọ́ ti ìsọ̀ kejì kó tó padà wá. Ìyá náà kò sì sọ pé òun fẹ́ bá a wá aṣọ tó dínwó jù lọ́jà; aṣọ tirẹ̀ ló ń tà, gbogbo èèyàn ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Oníṣòwò ọkọ̀ tó sọ pé òun yóò bá èèyàn wá owó ti gbé iṣẹ́ alágbàtà lé ara rẹ̀ lórí. Alágbàtà tó ń gba owó lọ́wọ́ apá kejì, tí owó náà sì ń pọ̀ sí i bí ẹni tó rán an níṣẹ́ bá ṣe ń pàdánù tó, kò jọ ìyá aláṣọ rárá. Òwe wa ní abéèrè kì í ṣìnà. Òótọ́ ni, bí ẹni tí a bi léèrè kò bá ní owó tó ń gbà lórí ìṣìnà wa.

Ibi tí wọ́n ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò fínnífínní jù lọ ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń ra ọkọ̀ lọ́nà yìí kan náà. Ní ọdún 2019, FCA, àjọ tó ń bójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ ìṣúná níbẹ̀, gbé àbájáde ìwádìí wọn jáde. Wọ́n rí i pé àdéhùn wà láàárín ayánilówó àti oníṣòwò ọkọ̀ tó fún oníṣòwò láyè láti gbé èlé sókè fúnra rẹ̀ kí kọ́míṣọ̀n tirẹ̀ lè pọ̀. Lórí ẹ̀yáwó £10,000 fún ọdún 4, irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ lè mú kí ońrajà san nǹkan bíi £1,100 lé sí i. Ní ọjọ́ 28, oṣù Kìíní, ọdún 2021, wọ́n fòfin dè é. Lẹ́yìn náà ni ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lórí àwọn àdéhùn àtijọ́, títí ọ̀rọ̀ fi dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, tí wọ́n dá a ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹjọ, ọdún 2025.

Ìdájọ́ yẹn yẹ fún àròjinlẹ̀, nítorí pé kò gbè sẹ́yìn ońrajà pátápátá. Àwọn adájọ́ sọ pé oníṣòwò ọkọ̀ kì í ṣe ẹni tí ońrajà lè gbẹ́kẹ̀ lé bí ẹni gbẹ́kẹ̀ lé alágbàtọ́ ohun ìní rẹ̀. Olùtajà ni, èrè tirẹ̀ ló ń wá, ẹnikẹ́ni tó bá wọ ọgbà rẹ̀ yẹ kó mọ̀. Ohun tí àwọn oníṣòwò tiwa ń sọ náà nìyẹn. Síbẹ̀, nínú ẹjọ́ mẹ́ta tó wà níwájú wọn, wọ́n dá ọ̀kan láre. Ọkùnrin kan tó ra ọkọ̀ àlòkù ní ọdún 2017 ni, owó ilé-iṣẹ́ ayánilówó FirstRand ni wọ́n bá a yá. Kọ́míṣọ̀n tí oníṣòwò gbà lé ní £1,650, ó sì tó 55 nínú 100 gbogbo owó tí ọkùnrin náà máa san nítorí pé ó yáwó. Wọ́n tún jẹ́ kó rò pé oníṣòwò ń wá ẹ̀yáwó tó dára jù láàárín àwọn ayánilówó púpọ̀, nígbà tó jẹ́ pé àdéhùn wà pé FirstRand ni yóò kọ́kọ́ láǹfààní láti gbà á. Ọkùnrin náà kò ka ìwé tó fọwọ́ sí. Ayánilówó tọ́ka sí èyí, nítorí pé ọ̀rọ̀ kọ́míṣọ̀n wà nínú ìwé náà níbì kan. Ilé-ẹjọ́ kò gbà pé èyí tó láti gba ayánilówó là, nítorí pé ibi tí ojú kì í sábà dé ni wọ́n kọ ọ́ sí, ẹni tó sì fọwọ́ sí i kò mọ̀ nípa irú okòwò bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, FCA gbé àbá kalẹ̀ fún sísan owó padà lórí nǹkan bíi mílíọ̀nù 14.2 àdéhùn, ní ìwọ̀n £700 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ní Amẹ́ríkà, ohun mìíràn hàn síta tó túbọ̀ burú. Níbẹ̀, ayánilówó máa ń sọ iye èlé tó tó o fún oníṣòwò, oníṣòwò á sì gbé tirẹ̀ lé e lórí bó ṣe wù ú, kò sì pọn dandan kó sọ fún ońrajà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2013, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà mú kí ilé-iṣẹ́ ayánilówó Ally fara mọ́ sísan mílíọ̀nù 98 dọ́là, lórí ẹ̀sùn pé àwọn oníṣòwò tó ń bá a ṣiṣẹ́ ti gba owó ju bó ṣe yẹ lọ lọ́wọ́ àwọn ońrajà aláwọ̀ dúdú, àwọn ọmọ Látìn àti àwọn ará Éṣíà tí iye wọn lé ní 235,000. Ní ìwọ̀n, iye tó ṣubú lé ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bíi 200 sí 300 dọ́là. Kò jọ pé ẹnikẹ́ni lè tìkára rẹ̀ fura, nítorí pé láti mọ̀ ọ́, ó ní láti rí ìwé ẹni ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀. Kí ni ìṣọ́ra ońrajà lè ṣe sí irú èyí? Ó lè ka gbogbo ìwé rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò ní rí i níbẹ̀. Ní ọdún 2018, Kóńgírẹ́ẹ̀sì fagi lé ìlànà tí àjọ ìjọba tó mú kí Ally sanwó ti ń tẹ̀ lé, èyí tó fi hàn pé àwọn alágbára ló ń jèrè nínú kí iye náà má hàn.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó nìyí, nítorí pé òfin wà nílẹ̀ yìí ṣáájú kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó délé ayé. Òfin Háyà-pọ́ọ̀ṣéèsì ọdún 1965 sọ pé kí wọ́n tó ṣe àdéhùn, olówó ọjà gbọ́dọ̀ sọ iye ojú ẹsẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ gbà á, ní kíkọ sílẹ̀, yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú ìwé àdéhùn fúnra rẹ̀. Bí ọjà bá wà níbi tí iye rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lára, ó tó bẹ́ẹ̀. Ìwé àdéhùn gbọ́dọ̀ ní iye ojú ẹsẹ̀, gbogbo iye àsandíẹ̀díẹ̀, iye tí wọn yóò máa san àti ìgbà tí wọn yóò máa san án, kí wọ́n sì fún ẹni tó gbà á ní ẹ̀dà tirẹ̀. Olówó ọjà tí kò ṣe èyí kò lè fi òfin mú àdéhùn náà ṣẹ. Fún ọjà mìíràn, òfin náà kò kọjá iye kékeré kan, ṣùgbọ́n fún ọkọ̀, kò sí iye tó pọ̀ jù fún un. Ó tún kà á léèwọ̀ láti fipá mú ẹni tó gba ọkọ̀ lo mẹkáníìkì tàbí ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò tí kì í ṣe ẹni tó yàn fúnra rẹ̀, ohun tí wọ́n sì ń ṣe lójoojúmọ́ ní ìlú yìí ni. Bí ẹni tó gba ọkọ̀ bá sì ti san ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún gbogbo iye àsandíẹ̀díẹ̀, olówó ọkọ̀ kò lè já ọkọ̀ gbà mọ́ láìlọ sílé-ẹjọ́. Bí sísan mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ bá ti kọjá àsìkò, ó lè gbé ọkọ̀ lọ pamọ́ síbi ààbò, ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ náà ni yóò parí ọ̀rọ̀. Nínú àpẹẹrẹ wa òkè yìí, gbogbo iye jẹ́ ₦8,880,000; ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún rẹ̀ jẹ́ ₦5,328,000, ońrajà yóò sì ti san án nígbà tó bá san ti oṣù kejìlá. Ẹni tí kò ní ìwé lọ́wọ́, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé òun ti dé ibẹ̀? Òfin ọdún 2018 tó dá FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo ońrajà, sílẹ̀ tún fi kún un pé èdè tó yé ońrajà ni kí wọ́n fi bá a sọ̀rọ̀. Lójú tèmi, ìwé Gẹ̀ẹ́sì ojú-ewé mẹ́sàn-án tí wọ́n gbé síwájú awakọ̀ tí èdè Ẹ̀gbá nìkan yé kò bá òfin yẹn mu.

Mo ti sọ pé ojúṣe ońrajà wúwo, n kò fẹ́ kí ó dà bí ẹni pé mo fi ẹnu lásán sọ ọ́. Àwa fúnra wa la ń ṣílẹ̀kùn fún àlékún ìkọ̀kọ̀ nípa ìbéèrè tí a ń béèrè. Èló ni màá máa san lọ́sẹ̀? Bí ìdáhùn bá ti rọrùn, a ti gbà. Ẹni tó mọ̀ pé owó ọ̀sẹ̀ nìkan là ń wò lè fà á gùn di oṣù 36, kí ó dín owó ọ̀sẹ̀ kù, kí ó sì gba owó tó pọ̀ sí i lápapọ̀, a ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó yẹ kí ońrajà kọ́kọ́ mọ̀ ni iye ojú ẹsẹ̀, tí yóò lọ gbọ́ ní ó kéré tán ibi méjì. Lẹ́yìn náà ni gbogbo owó tí yóò ti jáde lápò rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá di tirẹ̀, pẹ̀lú owó fọ́ọ̀mù, owó ìbánigbófò àti owó ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣọ́ ọkọ̀. Kí ó sì béèrè tààrà pé: èló ni ẹ máa gbà lọ́wọ́ ẹni tó yá mi lówó? Ẹni tó béèrè tí wọ́n sì purọ́ fún un ní ẹ̀rí tó lágbára lọ́wọ́. Ẹni tí wọ́n fi gbogbo iye hàn, tó yé e, tó sì fọwọ́ sí i nítorí pé ojú ń kán an, òun ló ni ẹrù rẹ̀, kò yẹ kí ó wá máa ké pe ìjọba. Títí ibí yìí ni mo bá àwọn oníṣòwò dé.

Àtakò kan ṣì kù tó gba ìrònú. Wọ́n ní bí a bá le mọ́ àwọn ayánilówó jù, wọn yóò kó owó wọn lọ síbòmíràn, tálákà kò sì ní rí ọkọ̀ gbà mọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti jẹ́ kí náírà wá ipò ara rẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, owó tòkunbọ̀ ti gbéra kúrò níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn lè ká a, Báńkì Àpapọ̀ sì gbé iye èlé rẹ̀ dé 27.5 nínú 100 ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024. Ẹni tó bá yánilówó nírú àsìkò bẹ́ẹ̀ ní láti gba èlé tó ga, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, owó rẹ̀ yóò jó dànù sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Mo gbà. N kò bá èlé gíga jà níhìn-ín, ohun tí mo ń béèrè ni kí èlé gíga jẹ́ orúkọ ara rẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin de àdéhùn kọ́míṣọ̀n yẹn ní ọdún 2021, ọjà yíyá owó ra ọkọ̀ níbẹ̀ kò sì kú. Bí okòwò kan bá wà tí kò lè dúró bí ońrajà bá mọ iye tó ń san, a jẹ́ pé àìmọ̀ ońrajà ni wọ́n ń tà.

Gbígba ọjà láwìn kì í ṣe tuntun nílẹ̀ wa. Àwọn Òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà gbé aṣọ kiri ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n tà á láwìn ní iye tó ju ti ojú ẹsẹ̀ lọ, gbogbo ayé sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n le lójú nígbà tí owó bá pé ọjọ́, ṣùgbọ́n iye méjèèjì wà lẹ́nu ọjà. Kódà ìwọ̀fà, tí mi ò jẹ́ gbóríyìn fún láé nítorí ìyà tó fi jẹ ọmọ èèyàn, kò ṣeé ṣe láìsí onígbọ̀wọ́ tó mọ iye owó àti bí iṣẹ́ ṣe máa rí. Lónìí, nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó wà káàkiri Abẹ́òkúta, ẹni tó yáwó mọ èlé rẹ̀ nítorí pé nínú ìpàdé ni wọ́n ti fẹnu kò lé e lórí, èrè rẹ̀ sì ń padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fúnra wọn. Àwọn ẹgbẹ́ yìí ni mo rò pé ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ dání, kí ọmọ ẹgbẹ́ tó ṣubú sọ́wọ́ alágbàtà.

Àdéhùn ẹnu ló ṣòro jù, torí pé òun ló pọ̀ jù láàárín olówó ọkọ̀ àti awakọ̀, àjọ FCCPC kò sì lè wà ní gbogbo gáréèjì. Ẹgbẹ́ awakọ̀ lè ṣe é. Kí wọ́n tẹ ìwé ojú-ewé kan ní èdè Yorùbá, tó ní àyè fún iye ojú ẹsẹ̀, owó àsansílẹ̀, owó ọ̀sẹ̀ àti iye ọ̀sẹ̀ tí wọn yóò fi san án, àpapọ̀ owó, àti ohun tí alágbàtà gbà. Kí olówó ọkọ̀ àti awakọ̀ jọ fọwọ́ sí i níwájú onígbọ̀wọ́, kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ìkẹta wà ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́, kí wọ́n sì máa kọ owó tí awakọ̀ ń já sí ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ wa ní Òkè-Mósàn lè sọ ọ́ di dandan bó bá yá, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ní kí gáréèjì Kútọ̀ dúró dè wọ́n.